Ìwé Méjì, Ọwọ́ Kan

Mo ṣì kéré nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bóyá ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, nígbà tí Bàbá wa mú èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ kan náà. Ọdún kan péré ni mo fi jù ú lọ. Bàbá ní kí wọ́n kọ orúkọ àwa méjèèjì sí kíláàsì kan, kí a lè jọ máa lo ìwé kíkà kan, kí a máa fa ara wa lọ́wọ́ lọ, kí a máa fa ara wa lọ́wọ́ bọ̀. Ọmọ Ìlọrin ni Bàbá, Limawa ní Minna níbí ni ó fi ṣe ibùgbé, iṣẹ́ áfáà ni ó ń ṣe. Láàárọ̀ kùtù àti lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, iwájú ilé wa a máa kún fún ọmọ-kéwú, ariwo wọn kì í jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ohun tí àwọn tó wá ra kòsé, àkàrà àwọn Haúsá, lọ́wọ́ rẹ̀ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nílé-kéwú wa fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ni ó ń kọ wàláà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Bàbá á ti gègé bọ tàdáwà, á kọ ọ́ sára pátákó náà kó dán, á gbé e lé ọ lọ́wọ́, ìwọ á sì máa ké e títí tí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí. Àwa obìnrin pàápàá, kò sí ẹni tó bi wá bóyá a fẹ́ kọ ọ́ fúnra wa. Kíkà ni tiwa. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ fún ọ, kò sí ẹni tó rí i bí ìrẹ́jẹ, oore ni.

Àbúrò mi yìí, wallahi, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Haúsá ju àwọn tó ni ín lọ, ó tún gbọ́ Nupe tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ohun tí tíṣà bá kà lẹ́ẹ̀kan, kó tó pa ìwé dé, ó ti wà lórí àbúrò mi. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọwọ́ ọ̀lẹ o. Irun tí ó bá rí lórí obìnrin lẹ́ẹ̀kan lọ́jà, tí a bá délé, á jókòó tì mí, á dì í sí mi lórí láìṣi ìlà kan. Ṣùgbọ́n ẹ fi pẹ́nsùlù sí ọwọ́ yẹn kan náà, kí ẹ wá wòran.

A óò ti kọ ìlà mẹ́rin, òun á ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní. Á tẹ pẹ́nsùlù mọ́ ìwé títí ìwé á fi ya. Lẹ́tà tí ikùn rẹ̀ yẹ kó wà níwájú, á gbé e sẹ́yìn. Orúkọ ara rẹ̀, lónìí á kọ ọ́ báyìí, lọ́la á kọ ọ́ bí òmíràn, kò sí ọjọ́ tí ó pé. Òógùn á bò ó bí ẹni tó ń gúnyán. Ní kíláàsì kìn-ín-ní àti ìkejì, orin ni a ń kọ púpọ̀ jù, ẹnikẹ́ni kò bìkítà. Ìgbà tí a dé kíláàsì kẹta ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Tíṣà tó gbà wá níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n Málàm ni a ń pè é, torí Málàm ni gbogbo Minna ń pe tíṣà, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun ni ó bá wa lọ láti kíláàsì kẹta títí dé ìkẹfà. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ ọgọ́ta ó lé ni a wà níwájú rẹ̀, ó sì ní òfin kan. Á kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù títí bọ́ọ̀dù á fi kún, bí agogo bá lù tí o kò tíì dà á kọ tán, wá síwájú, tẹ́ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n na àbúrò mi. Bí a ṣe délé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wú débi pé kò lè fi í bu tùwó. Ó fi pa mọ́ fún ìyá wa, ó ní inú ń run òun.

Ọjọ́ kẹrin, mo sáré kọ tèmi tán, mo fa ìwé rẹ̀ sábẹ́ apá mi, mo kọ ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orí dẹ́sìkì kan la wà, ta ni yóò mọ̀? Lójú tèmi, ohun tí Bàbá ń ṣe lójoojúmọ́ níwájú ilé náà ni mo ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó ń di irun mi, mo ń kọ ìwé rẹ̀, ó parí. Àpèkọ nìkan ni ó fẹ́ lé wa bá, ṣùgbọ́n Málàm a máa pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń kọ tèmi ní ìpè kìn-ín-ní, mo ń kọ tirẹ̀ ní ìpè kẹta. Ìdánwò ìparí tẹ́ẹ̀mù ńkọ́? Orí dẹ́sìkì yẹn náà ni. Bí Málàm bá béèrè ìbéèrè, àbúrò mi ni yóò kọ́kọ́ nawọ́, òun ni yóò gbà á, nítorí náà kò sí ohun tó ń kọ Málàm lóminú. Ilé rẹ̀ ni ó ti ń máàkì ìwé wa, lábẹ́ igi máńgòrò, á sì fi inki pupa kọ "Ó dára" sí méjèèjì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe ọmọ ilé-ìwé méjì. Inú mi máa ń dùn! Ẹ ò gbọ́? Mo máa ń fi yangàn nínú ọkàn mi pé mò ń gba àbúrò mi là.

Nígbà tí a dé kíláàsì kẹfà, Bàbá pè wá sórí ẹní, ó sì sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀. Ẹni tó bá yege ìdánwò àṣewọlé nínú wa, yóò lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni tí kò bá yege, yóò wọ rélùwéè lọ sí Ìlọrin, lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tí ń mọ ìkòkò, kó lọ kọ́ṣẹ́. Bàbá kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní òun kò ní bọ́ ọmọ kan tí kì í ṣiṣẹ́ tí kì í kàwé. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù kò ba òun, ṣebí Málàm sọ fún òun pé àwa méjèèjì la mọ̀wé jù.

Èmi kò bá a rẹ́rìn-ín. Ilé-ìwé mìíràn ni a ti máa ń ṣe ìdánwò yẹn, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pín àyè ìjókòó, ọmọ kan sí dẹ́sìkì kan. Bí a ṣe jáde síta, àbúrò mi di apá mi mú. Ó ní, "Yàyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ." Yàyá ló ń pè mí, bí àwọn Haúsá ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Mo ní kó má bẹ̀rù, oṣù méjì ṣì kù, èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ.

Háà! Oṣù méjì! Ẹ̀yin tíṣà tó bá ń ka èyí, ẹ kúkú ti mọ ohun tí ojú mi rí. Lójoojúmọ́ tí a bá ti ilé-ìwé dé, a óò lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ìyá wa ń sá ẹ̀wà sí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi ọwọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà, ó lọ geere. Mo fi í sílẹ̀, ọwọ́ náà wọ́ lọ síbòmíràn. Mo kọ ọ́ fínnífínní, mo ní kó gba orí rẹ̀ kọ, kò lè dúró lójú ìlà. Mo fi orin kọ́ ọ, ó mọ orin. Lónìí á mọ lẹ́tà márùn-ún, èmi á fò sókè, tó bá di ọ̀la, ó kù kan. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó fi ìka kọ ọ́ sínú yanrìn. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó pé, kò gbàgbé ẹyọ kan! A bú sẹ́kún, a dì mọ́ra wa. Mo sáré gbé ìwé wá. Lórí ìwé, kò sí ọ̀kan tó jọra wọn.

Ọjọ́ yẹn ni mo nà án. Mo fi rúlà gbá a níbi oríkèé ìka lẹ́ẹ̀mélòó kan, mo ní olóríkunkun ni, mo ní ó fẹ́ràn ìkòkò mímọ ló ṣe ń ṣe báyìí. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Yàyá, mo mọ̀ ọ́n nínú orí mi o. Tó bá ti dé ọrùn-ọwọ́ ni ó ń sọnù." Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mo ti ka ìwé oríṣiríṣi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti jókòó ní ìpàdé àwọn tíṣà, n kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sọ fún ìyá wa. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, ẹ̀rù bà mí. Mo kàn ní ọwọ́ àbúrò mi kì í fẹ́ kọ̀wé dáadáa. Ìyá wa kò sọ fún Bàbá. Ó lọ bá áfáà mìíràn ní Kpakungu, ó gba hàntú wá, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ mímọ́ kúrò lára wàláà. Láràárọ̀, kí a tó fẹnu kan nǹkan, àbúrò mi á mu ife kan. Kí ojú má baà tì í, èmi náà ń mu. Tèmi tó ti mọ̀ ọ́n kọ tẹ́lẹ̀! Àwa méjèèjì á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹnu wa á dúdú, a óò máa ṣe àmín. Ìyá mi, Ọlọ́run forí jì ín, ó sa ipá tirẹ̀. Kò mọ̀ pé oògùn tó yẹ kó wá ni pé kí ẹnìkan ti jókòó ti ọmọ náà láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ọjọ́ ìdánwò, iwájú ni nọ́ńbà gbé e lọ, lẹ́bàá fèrèsé. Mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ó nàró ṣanṣan, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ń kọ, ìró bírò kún iyàrá, ṣùgbọ́n ìgúnpá tirẹ̀ kò mì. Èmi, ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà, n kò rántí. Nígbà tí a jáde, mo bi í pé báwo ni. Ó ní gbogbo ìdáhùn ni òun mọ̀. Ó wá ń sọ wọ́n fún mi lójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí èyí tó gbà tí kò tọ̀nà.

Èsì dé. Mo yege. Òun kò yege.

Málàm fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́ tí Bàbá ń múra ìrìn-àjò Ìlọrin, ló bá gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Ó ní àṣìṣe wà níbìkan, ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ tó yẹ kó fìdí rẹmi, ẹ jẹ́ kó tún kíláàsì kẹfà kà. Kí Bàbá lè gbà á gbọ́, ó kó ìwé àwa méjèèjì dání, ó tẹ́ wọn sórí ẹní, ó ní, "Ẹ wò ó, Áfáà. Kò sí ọmọ tí ìwé rẹ̀ mọ́ tó ti àwọn méjèèjì yìí."

Bàbá mi kò lè ka A nínú ìwé òyìnbó. Ìwé bókò, ti tíṣà ni, kò ṣí i wò rí. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti Maikunkele ni wọ́n ti ń wá bá a pé kó bá àwọn da tírà kọ. Ó gbé ìwé àkọ́kọ́, ó wò ó. Ó gbé ìkejì, ó wò ó. Ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Málàm, ẹnìkan ṣoṣo ló kọ ìwé méjèèjì yìí."

Málàm rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ tó wà lára wọn yàtọ̀. Bàbá ní òun kò ka orúkọ, ọwọ́ ni òun ń wò. Ó fi ìka tọ ìrù lẹ́tà kan, bó ṣe tẹ̀ sísàlẹ̀ tó sì yọ sókè díẹ̀ bí ìlà bá fẹ́ parí, ó fi irú rẹ̀ hàn án nínú ìwé kejì, ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ó tún fi hàn án. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Málàm. Bàbá pe àbúrò mi, ó fún un ní bírò, ó ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Àbúrò mi kúnlẹ̀ síwájú àwọn àgbà méjì yẹn, ó di bírò mú. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta. Ó dúró. Ó wojú mi.

Málàm fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní, "Ọmọ kan náà ni mò ń máàkì lẹ́ẹ̀mejì." Ó tún un sọ. Ó ní ká ní òun mọ̀ ní kíláàsì kẹta ni, ẹ̀gbẹ́ tábìlì òun ni òun ì bá gbé e jókòó sí, òun ì bá mú un níkọ̀ọ̀kan bí àwọn yòókù bá ń ṣeré, òun ì bá jẹ́ kó máa fi ẹnu dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, kíláàsì wo ni wọ́n á fi í sí? Kò sí.  Mo ń retí kí Bàbá nà mí, mo tiẹ̀ ń fẹ́ kó nà mí. Kò nà mí. Ó kàn bi mí pé, "Ọdún mélòó?" Mo ní mẹ́rin. Ó ní, "O gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ àbúrò rẹ, o rò pé o fún un ni." Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a sìn ín dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Ìyá wa di kòsé fún un, Bàbá gbàdúrà sí i lórí. Ó gbìyànjú, kò sunkún, àfi ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí, tó yọrí lójú fèrèsé, tó pè mí. Mo rò pé yóò bú mi ni. Ó ní, "Yàyá, ta ni yóò máa bá mi kọ lẹ́tà sí yín?" Rélùwéè fọn, ó lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ibùdókọ̀ náà. Lẹ́tà wá lóòótọ́ láti Ìlọrin láwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ọmọ aládùúgbò kan ló kọ èyí, akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló kọ òmíràn, kò sí èyí tí ọwọ́ àbúrò mi wà nínú rẹ̀.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe di tíṣà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe é, ní Minna níbí àti láwọn ìletò. Ẹ má wulẹ̀ yìn mí. Mo máa ń wá ọmọ bí àbúrò mi nínú kíláàsì gbogbo, mo sì máa ń rí i: èyí tó ń fi apá bo ìwé, èyí tí inú ń run ní gbogbo ìgbà tí a bá ń ṣe àpèkọ. Mo gbé àwọn kan jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọgọ́rin, ẹ̀yin èèyàn, ọmọ ọgọ́rin níwájú èèyàn kan, àwọn mìíràn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀! Bí mo bá di ọwọ́ ẹnìkan mú, àwọn ìyókù ti dojú kíláàsì rú. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ mi pọ̀ ju àwọn tí mo mú lọ. Mo mọ díẹ̀ nínú wọn lójú, mo ń pàdé wọn lórí títì, wọ́n á kí mi, "Sannu, Málàmà," èmi á sì máa wá ibi tí màá gbé ojú mi sí.

Lónìí, ayé ti yí padà. Ohun tí wọ́n ń pè ní olóríkunkun láyé ìgbà yẹn ti ní orúkọ gidi báyìí, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò. Fóònù gan-an, o lè bá a sọ̀rọ̀, á bá ọ kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi, tí ó ti di ìyá àgbà ní Ìlọrin, ohùn ni ó ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, kò wá ẹnikẹ́ni tí yóò bá a kọ ọ́ mọ́. Ó dùn mọ́ mi. Àmọ́, orúkọ ti wà, tíṣà tí yóò jókòó ti ọmọ náà dà? Àwọn òbí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ wọn báyìí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, tí tíṣà ń fi inki pupa yìn wọ́n. Bí mo bá rí i, ara mi á bù máṣọ.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi fi ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ohùn tó fi ránṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Yàyá, ọwọ́ mi ni ọmọ yìí gbé wáyé. Ẹ bá mi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ o."

Ilé-ìwé kan níbí ní Kpakungu ni mo fi í sí. Mo ti lọ bá tíṣà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé. Ó ní, "Màmá, mo mọ̀. Ẹ wá ka àwọn tó wà níwájú mi."  Ó ń na àwọn tí kò bá kọ nótì wọn pé. Bẹ́ẹ̀ ni o, títí dòní.

Ìrọ̀lẹ́ àná, ọmọ náà gbé ìwé sórí tábìlì níwájú mi. Ojú ìwé kan gbáko ni wọ́n ní kó dà kọ, kó mú un wá láàárọ̀. Ó ti fi wákàtí kan kọ ìlà kan àbọ̀, lẹ́tà ń dojú kọ ẹ̀yìn, ìwé ti ya níbì kan. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀. Ó wojú mi, ojú yẹn kan náà, ó ní, "Màmá, don Allah, ẹ bá mi parí ẹ̀. Ẹgba ni wọ́n máa nà mí." Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà mí, kò sì sí Bàbá mọ́ láyé tí yóò wo ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti kúrò lórí itan mi kí n tó mọ̀. Mo fà á padà, mo tì í sábẹ́ ìdí mi, mo jókòó lé e lórí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sì gbé bírò.